Addis Ababa láàárín bàálù méjì, lásìkò ọdún Timkat

Ọjọ́ Ẹtì, 17 oṣù kìíní 2025, òwúrọ̀

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán nígbà tí bàálù wa balẹ̀ ní pápákọ̀ Bole, ní Addis Ababa, olú-ìlú Ethiopia. Àwa mẹ́rin la jọ ń lọ sí Guangzhou ní Ṣáínà: èmi, Bọ̀dá Tíṣà tó jẹ́ àgbà wa, Ìyá Ìbejì, àti ọmọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Àbíkẹ́yìn nítorí pé òun ló kéré jù. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni bàálù kejì máa gbéra. Tíkẹ́ẹ̀tì tó ní ìdúró gígùn bẹ́ẹ̀ ni owó rẹ̀ rọjú jù nínú gbogbo èyí tí a rí, a sì fohùn ṣọ̀kan pé kàkà ká máa sùn lórí àga pápákọ̀, ká kúkú wọ ìlú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ẹ gba físà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹni tí ò bá ní físà ò lè jáde, ì báà jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ló máa fi dúró. Ẹ sì fi aṣọ òtútù sínú báàgì ọwọ́, torí ẹrù ńlá lè kọjá tààrà síbi tẹ́ ẹ ń lọ, kí ẹ má fojú kàn án ní Addis. Ibẹ̀ ni wàhálà Ìyá Ìbejì ti bẹ̀rẹ̀. Sálúbàtà ló wọ̀, súwẹ́tà rẹ̀ wà nínú àpótí tó ń lọ sí Ṣáínà, ìlú tó sì bọ́ sí yìí fi ohun tó lé ní mítà 2,300 ga ju òkun lọ. Òtútù òwúrọ̀ oṣù kìíní níbẹ̀ kì í ṣe eré. Ká tó dé ibi tí táksí wà, eyín rẹ̀ ti ń gbá ara wọn.

Awakọ̀ tó kọ́kọ́ dá wa lọ́nà pe ogún dọ́là. Bọ̀dá Tíṣà kí i dáadáa, ó bi í nípa àwọn ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ló ní rárá. Birr 400, owó ilẹ̀ Ethiopia, la san fún ẹlòmíràn nínú páàkì. Ní ti owó, báńkì inú pápákọ̀ la ti ṣẹ́ ẹ. Títí di ìparí oṣù keje 2024, dọ́là kan ò ju nǹkan bíi birr 57 lọ ní báńkì. Ìjọba wá jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, ohun tó lé ní birr 120 ni wọ́n sì kà fún wa lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ má fi iye tí àwọn arìnrìn-àjò ìṣáájú kọ sílẹ̀ dúnàá dúrà, àwọn ọlọ́jà á kàn máa wò yín.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà ní òtẹ́ẹ̀lì rí Ìyá Ìbejì bó ṣe káwọ́ lẹ́rán. Kò bi í ní nǹkan kan. Ó fa gabi rẹ̀, ìborùn òwú funfun tó nípọn, kúrò lẹ́yìn àga, ó jáde wá láti ẹ̀yìn káńtà, ó sì wé e mọ́ ọn lára. Nígbà tí Ìyá Ìbejì fẹ́ dá a padà lẹ́yìn tíì gbígbóná, ó ní kó máa mú un káàkiri títí a ó fi lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sán

Ọmọbìnrin yìí náà ló sọ fún wa pé oúnjẹ àárọ̀ ń parí ní aago mẹ́rin. Inú Àbíkẹ́yìn dùn dé ẹ̀yìn etí. Ó ní òtẹ́ẹ̀lì tó mọ̀ pé èèyàn rìn lóru rèé, ó wọ yàrá lọ, ó sùn. Nígbà tó fi máa sọ̀kalẹ̀, wọ́n ti palẹ̀ àwo mọ́, wọ́n ti nu tábìlì, òórùn kọfí nìkan ló kù nínú yàrá oúnjẹ. Aago mẹ́rin tiwọn ni aago mẹ́wàá àárọ̀ tiwa.

Bí wọ́n ṣe ń ka aago níbẹ̀ nìyí: ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni kíkà ń bẹ̀rẹ̀. Aago méje àárọ̀ tiwa ni aago kan tiwọn, ọ̀sán gangan sì ni aago mẹ́fà. Tí oòrùn bá wọ̀, wọ́n á tún padà sí orí ookan. Kò le, mẹ́fà péré lẹ máa yọ kúrò. Ohun tó ń dani láàmú ni pé àwọn tó ń gba àlejò máa ń yí i sí tàlejò nígbà mìíràn, ó sì ń di ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó mọ èyí tí wọ́n lò. Ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá bá ṣàdéhùn, ìbáà jẹ́ awakọ̀ tàbí ẹni tó ń fi ìlú hanni, ẹ bi í pé tiyín ni àbí tàlejò. Ti bàálù ò ní wàhálà, tàlejò ni wọ́n ń kọ sójú tíkẹ́ẹ̀tì nígbà gbogbo.

Iye ọdún tí wọ́n ń kà náà yàtọ̀ sí tiwa. Lórí rìsíìtì tí wọ́n fún wa, 2017 ni wọ́n kọ. Oṣù mẹ́tàlá ni wọ́n ń kà lọ́dún: méjìlá jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́ géérégé, ìkẹtàlá jẹ́ ọjọ́ márùn-ún, tàbí mẹ́fà tó bá yá. Bọ̀dá Tíṣà gbé rìsíìtì náà sókè síbi iná, ó ṣírò rẹ̀, ó ní òun ti fi ọdún mẹ́jọ kéré sí i, pé láti òní lọ ẹgbẹ́ ni òun àti Ìyá Ìbejì. Ìyá Ìbejì ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó bá òun gbé báàgì.

Ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ Bọ̀dá Tíṣà tó kọ orúkọ gbogbo ibi tó fẹ́ ká dé sí, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Àkọ́kọ́ ni Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé ti Orílẹ̀-èdè ní Amist Kilo. Àtẹ̀gùn tí kò tó nǹkan la gùn níbẹ̀ tí gbogbo wa ń mí hẹlẹ, àfi bíi pé ẹnì kan ń lé wa. Òkè tí ìlú yẹn wà ló fà á. Ẹ má sáré lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ sì máa mu omi.

Ìsàlẹ̀ ilé ni Lucy wà, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Dinkinesh. Ọdún 1974 ni Donald Johanson àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí egungun rẹ̀ ní Hadar, lágbègbè Afar, ó sì ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ọdún tó ti gbé ayé. Nǹkan bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún egungun ara rẹ̀ ni wọ́n rí. Èyí tí wọ́n pàtẹ fún aráyé, àwòkọ ni. Wọ́n tọ́jú ojúlówó pa mọ́. Mo ti ka ìtàn rẹ̀ tipẹ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó kéré tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n gbé nàró kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ìgbànú Àbíkẹ́yìn lọ. Ìyá Ìbejì dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó tún gabi rẹ̀ ṣe, ó sì tẹ orúnkún díẹ̀: “Ìyá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o.” Ọkùnrin tó ń ṣọ́ yàrá náà ò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.

A fẹsẹ̀ rìn gòkè dé Sidist Kilo. Inú ọgbà yunifásítì níbẹ̀ ni ààfin Haile Selassie àtijọ́ wà, tó ti di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé mìíràn. Ẹ wọ yàrá tí ọba náà ń sùn sí, ẹ wo ilé ìwẹ̀ rẹ̀. Níta, àtẹ̀gùn kan wà tí àwọn ará Ítálì kọ́ nígbà tí wọ́n gba ìlú láti 1936 sí 1941. Kò gbé èèyàn débì kankan. Wọ́n fi ìpele kọ̀ọ̀kan ka iye ọdún tí ìjọba Mussolini ti lò. Nígbà tí àwọn onílé padà dé, wọn ò wó o. Wọ́n gbé ère kìnnìún kékeré kan ka orí ìpele tó ga jù. Ní oríta tó wà níwájú yunifásítì, òpó gíga kan dúró fún àwọn tí àwọn ará Ítálì pa ní ìpakúpa ní oṣù kejì 1937. Ẹ yí i po, ẹ wo àwọn àwòrán tí wọ́n gbẹ́ sí i lára.

Ebi ti ń pa wá nígbà yẹn. Ìyá Ìbejì fẹ́ ẹran. Ilé oúnjẹ tí a kọ́kọ́ wọ̀ ní kò sí, ìkejì náà ní kò sí. Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì ni àwọn onígbàgbọ́ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì níbẹ̀ ń gbààwẹ̀ lọ́sẹ̀: kò sí ẹran, kò sí ẹyin, kò sí wàrà. Ohun tí wọ́n wá ń jẹ ni beyaynetu, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ohun tí mo jẹ nílùú náà lọ. Wọ́n tẹ́ injera, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, sórí tíréè tó fẹ̀, wọ́n wá ń bu ọbẹ̀ lé e lórí ní òkìtì òkìtì: lẹ́ńtìlì pupa tó ta, shiro (ọbẹ̀ ẹ̀wà lílọ̀) tó kí dáadáa, ẹ̀fọ́, kábéèjì pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì, bíìtírúùtù. Láti ṣe injera, hóró teff, irú ọkà kan tí kò tóbi rárá, ni wọ́n lọ̀, tí wọ́n pò, tí wọ́n jẹ́ kó kan fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí wọ́n tó dà á sórí ààrò. Kíkan rẹ̀ ń jẹ́ kí ata ọbẹ̀ yẹn ṣeé fara dà. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ máa fi jẹ ẹ́, àwọn tó bá wà nídìí tíréè kan náà ló sì jọ ń jẹ ẹ́.

Ìyá tó ni ilé oúnjẹ jókòó tì wá láti wò bóyá a ń jẹun. Nígbà tó yá, ó bu injera ńlá kan, ó fi kó ọbẹ̀ mẹ́ta, ó ká a, ó sì nà án sí ẹnu Bọ̀dá Tíṣà. Gursha nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń fi ìfẹ́ han àlejò. Bọ̀dá Tíṣà tẹ̀ sẹ́yìn. Ìyá náà tẹ̀ síwájú. Bọ̀dá Tíṣà gbé ọwọ́ sókè pé òun á gbà á fúnra òun. Ìyá náà mi orí, ọbẹ̀ ti ń kán sórí ìka rẹ̀. Ìgbà tí Àbíkẹ́yìn ti gbé fóònù jáde láti ya fọ́tò ni àgbà wa tó ya ẹnu, ẹnu náà ò sì tó fún òkèlè yẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú, ojú rẹ̀ ń ṣomi, ìyá náà ti ń ká òmíràn. Ẹyọ kan ò tó, wọ́n ní ó ń dá ìjà sílẹ̀. Birr 900 ni oúnjẹ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú omi Ambo tó ń hó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 oṣù kìíní

Aago mẹ́rin tiwọn ò tíì lù tí Àbíkẹ́yìn ti jẹun yó.

Bọ́ọ̀sì kékeré aláwọ̀ búlúù àti funfun la wọ̀ lọ sí Piassa. Kọ̀ndọ́ rẹ̀ yọ ara síta láti ojú fèrèsé, ó ń pe “Piassa, Piassa, Piassa” láìmí. Birr 20 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání, wọn kì í fẹ́ràn owó ńlá láàárọ̀. Ìwé atọ́nà tí a ní lọ́wọ́ ò wúlò mọ́ fún àdúgbò yẹn. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni ìjọba ìlú ti wó ní 2024 láti fẹ ọ̀nà, wọ́n wá tẹ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó dán, wọ́n ri iná síbi gbogbo. Ó mọ́ lóòótọ́. Àmọ́ obìnrin kan tó jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì ń fi ìka tọ́ka síta, ó ń sọ orúkọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tí kò sí níbẹ̀ mọ́ fún ọmọ rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ilé ìrántí Ìṣẹ́gun Adwa tí wọ́n ṣí ní oṣù kejì 2024 ló gba iwájú ibẹ̀ kan báyìí, fún ogun tí Ọba Menelik Kejì àti Taytu ìyàwó rẹ̀ fi lé àwọn ará Ítálì ní 1896. Èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, a ò wọlé.

Lẹ́bàá ọ̀nà, obìnrin kan tẹ́ koríko tútù sílẹ̀, ó to àpótí ìjókòó kéékèèké yí ká, ó ń yan kọfí. Tùràrí ń rú lórí ẹyín iná. Ó gún un, ó dà á sínú jebena, ìkòkò amọ̀ ọlọ́rùn gígùn, ó sì dúró dè é kó hó. Ife tí kò ní ìmú ni, gúgúrú ló sì bá a rìn. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n ń bu kọfí yìí, abol, tona, bereka, ìdí kọfí kan náà ni wọ́n ń da omi lé, ó sì ń fúyẹ́ sí i. Ẹni tó bá dìde lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, wọ́n á kà á sí ẹni tó ní ìjà nílẹ̀. A jókòó. Bọ̀dá Tíṣà ń wo aago, ó ń wo ìwé rẹ̀: ọjà Merkato, lẹ́yìn náà òkè Entoto, ká tó padà. Birr 30 ni ife kan.

Lẹ́yìn ọ̀sán, a pe ọkọ̀ lórí fóònù. Kò gbé wa jìnnà. Nígbà tí a dé Arat Kilo, ọlọ́pàá ti fi irin dí ọ̀nà. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó ní “Ketera”, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún wa. Kò gba owó tó kù.

Ketera ni ọ̀sán tó ṣáájú Timkat, ọdún tí wọ́n fi ń rántí bí Jòhánù ṣe ri Jésù bọmi ní Jọ́dánì. Ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan ló ní tabot, àwòkọ wàláà òfin tó wà nínú Àpótí Májẹ̀mú, tí èèyàn lásán kì í rí. Lọ́sàn-án yẹn ni wọ́n ń gbé wọn jáde, wọ́n á lọ sùn mọ́jú lẹ́bàá omi. Èyí tó pọ̀ jù nínú ti Addis ń lọ sí pápá Jan Meda. Àjọ UNESCO ti kọ ọdún náà sínú àkójọ àjogúnbá aráyé ní 2019.

Gbogbo ojú ọ̀nà funfun báláú: aṣọ, ìborùn, láwàní àwọn àlùfáà. Ìlù kebero ń dún, àwọn akọrin mú ọ̀pá lọ́wọ́, wọ́n ń jó wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹsẹ̀ wọn ò kúrò nílẹ̀ púpọ̀. Mo rò pé àwọn agbòòrùn olówùú wúrà ni màá máa wò. Kápẹ́ẹ̀tì ló gba ojú mi. Kápẹ́ẹ̀tì pupa gígùn ni, àwọn ọ̀dọ́ ní ń tẹ́ ẹ síwájú àlùfáà tó ru tabot lórí, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa kan ọ̀dà. Kò sí kápẹ́ẹ̀tì tó gùn tó ọ̀nà yẹn. Nítorí náà, bí àlùfáà bá ti kọjá lórí apá kan, àwọn tó wà lẹ́yìn á ká a kíákíá, wọ́n á gbé e lé èjìká, wọ́n á sáré gba ẹ̀gbẹ́ èrò kọjá sí iwájú, wọ́n á sì tún tẹ́ ẹ. Àwọn mìíràn ń fi ìgbálẹ̀ gbá ojú ọ̀dà kí kápẹ́ẹ̀tì tó dé. Òógùn bo gbogbo wọn, eruku bo òógùn, wọ́n ń kọrin.

Ọmọkùnrin kan lára wọn wo Àbíkẹ́yìn, ó rí i pé ó ṣígbọnlẹ̀, ó sì na etí kápẹ́ẹ̀tì sí i. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Àbíkẹ́yìn ju báàgì rẹ̀ sí mi, ó tẹrí ba, ó gbé e. Ìgbà tí a tún rí i, a ti sún mọ́ Sidist Kilo. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti di pupa ní èjìká nítorí àró kápẹ́ẹ̀tì, kò sì lè mí dáadáa ní òkè tó ga bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó kọ̀, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Bí tabot bá ti ń kọjá, ìlù á dákẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó wà nítòsí, àwọn èèyàn á tẹrí ba, àwọn obìnrin á wá fi ahọ́n dá “i-li-li-li” tí gbogbo àdúgbò á gbà. Èèyàn ò rí nǹkan kan ju aṣọ ìlẹ̀kẹ̀ tó ń dán lórí àlùfáà lọ.

Níbi tí èrò ti fún jù ni okùn sálúbàtà Ìyá Ìbejì ti já. Ó dúró lẹ́sẹ̀ kan. Kó tó mọ ohun tó máa ṣe, lístrò kan, àwọn ọmọ tó ń nu bàtà lójú títì, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé àpótí rẹ̀ fún un láti jókòó. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ wọ́. Ó fi òwú tó ti fi ìda pa gún awọ náà wọlé-jáde, ó fi eyín fà á le, ó gé e, ó sì tún na èkejì tí kò já wò, ó rán an náà. Ìyá Ìbejì fa owó yọ. Ọmọ náà tọ́ka sí ojú ọ̀nà, sí tabot tó ń lọ, ó mi orí, kò gbà á. Ìyá Ìbejì wá gbàdúrà fún un lédè wa títí, ó ń ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀.

A ò dé Merkato, a ò sì dé Entoto. Ẹsẹ̀ la fi padà sí òtẹ́ẹ̀lì, ó gbà wá ju wákàtí méjì lọ nítorí ọ̀nà tó dí. Ẹ wọ bàtà tó ṣeé rìn, ẹ gba máàpù sórí fóònù tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dúró ire láàárín èrò tó pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù kìíní

A jáde nígbà tí ilẹ̀ ṣì ṣú. Ìsìn ti ń lọ ní Jan Meda láti òru. Wọ́n yẹ ara wa wò lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, wọ́n sì tún yẹ̀ ẹ́ wò níwájú. Ẹ má mú ọ̀bẹ tàbí ohun mímú kankan dání, ẹ má gbé báàgì ńlá. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ wá ìborùn funfun. Gabi tó wà lọ́rùn Ìyá Ìbejì jẹ́ kí wọ́n yàgò fún un ju bí wọ́n ṣe yàgò fún wa lọ.

Baba arúgbó kan àti ìdílé rẹ̀ fún wa láyè lórí koríko níbi tí wọ́n jókòó sí. Wọ́n ti sùn síbẹ̀ mọ́jú. Kò sí èdè tí a jọ gbọ́ ju “Lagos?” àti “football” lọ, ìyẹn sì tó. Ìyàwó rẹ̀ tú aṣọ tó fi wé búrẹ́dì ńlá kan, ó gé e, ó pín in yí ká, àwa náà gba tiwa bíi pé wọ́n kà wá mọ́ ọn láti ilé.

Nígbà tí oòrùn yọ, tí àdúrà parí, tí wọ́n sì ti bù kún omi inú adágún tí wọ́n kọ́ sáàárín pápá, àwọn kan mú rọ́bà omi, wọ́n ń fín in sórí èrò. Ohun tó dà bí ìjì sẹlẹ̀. Gbogbo èèyàn rọ́ síwájú, wọ́n na ọwọ́, wọ́n na ike, wọ́n gbé ọmọ sókè. Bọ̀dá Tíṣà ní ká máa dúró níbi tó gbẹ. Àbíkẹ́yìn ti lọ. Omi náà sì wá bá wa níbi tó gbẹ yẹn, ó tutù débi pé mo pariwo. Ìyá Ìbejì ṣí gabi sílẹ̀, ó gbà á dáadáa. Tí ẹ bá ní fóònù tàbí kámẹ́rà lọ́wọ́, ẹ mú láílọ́ọ̀nù dání.

Àwọn tabot ń padà sílé kí ọ̀sán tó pọ́n, nítorí náà ọ̀nà tún dí. Aago méjì ọ̀sán la tó dé òtẹ́ẹ̀lì, nígbà tí ó yẹ ká ti kúrò nínú yàrá láti ọ̀sán gangan. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lé e. Ọmọbìnrin ìdí káńtà wà lẹ́nu iṣẹ́ láti àná, kò ráyè lọ sí Jan Meda. Ìyá Ìbejì bẹ̀ ẹ́ pé gabi náà ò tíì gbẹ, pé omi ọdún ló bà á jẹ́. Ọmọbìnrin náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi apá tó tutù jù tẹ iwájú orí, ó fi tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń gbálẹ̀ pé kó wá.

Ọjọ́ ààwẹ̀ ti kọjá, Ìyá Ìbejì rí ẹran rẹ̀: doro wot, adìẹ tí wọ́n fi àlùbọ́sà tó pọ̀ àti ata berbere sè títí ó fi dúdú, pẹ̀lú odidi ẹyin nínú rẹ̀. Ó ní ó tó bí òun ṣe dúró dè é.

Ẹni tó bá lè dúró di ọjọ́ Ajé, kó dúró. Àwọn tabot ti Míkáẹ́lì Mímọ́ kì í bá àwọn yòókù padà, ọjọ́ kejì ni wọ́n ń wọlé, tìlù tijó. Ní ti pápákọ̀, ẹ lọ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú ó kéré tán, ìbéèrè àti ìyẹra-wò ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn kí ẹ tó dé ibi káńtà. Ẹ ná birr tẹ́ ẹ bá ṣẹ́kù, kò sí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín níbòmíràn. Kọfí tí wọn ò tíì yan ni Bọ̀dá Tíṣà fi tiẹ̀ rà. Àbíkẹ́yìn fi tiẹ̀ ra kolo, ọkà báálì yíyan, ó ní fún àwọn tí a ń lọ bá ni, àmọ́ kí ìlà wa tó dé iwájú, ó ti jẹ ìdajì rẹ̀, ó sì ti ń pín èyí tó kù fún àwọn tó tò sẹ́yìn wa.